Ọjọ́ Tí Adéyẹ́misí Ta Jìtá ní Ìfọ̀

Kò sí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn tí kì í béèrè ìgbà tó máa parí. Sọ̀fíyátù náà béèrè. Ọdún 1987 ni. Àga tó fi ń jókòó ránṣọ ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ló bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Lotto, ní Mòwé. Ó bá ọkùnrin kan tó ń fá pákó, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè. Rédíò kásẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé lẹ́yìn ọkùnrin náà. Jìtá kan ṣoṣo ló ń ké nínú rẹ̀, ó ń ké bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ni káfíńtà náà wí. "Ibi tó ti máa yí ti dé."

"Kí ló máa yí?"

Ó kàn nàka sókè. Lójijì, ìlù wọlé, jìtá náà já wálẹ̀ bí òjò tó bẹ́ sórí páànù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà dijú. Nígbà tó là á, obìnrin tó gbé àga dání ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Orin wo rèé? Kò ní ègbè, kò ṣeé jó sí. Ìgbà wo ló máa parí?"

"Ojú kásẹ́ẹ̀tì kan látòkèdélẹ̀, orin kan náà ni."

"Ẹ̀yin náà sì jókòó tì í?"

"Mo ti ń jókòó tì í láti ìgbà tí mo wà níléèwé ní Ìwó. Ẹ gbé àga yín wá. Lásúnkànmí ni orúkọ mi."

Ẹ̀fúùfù Mẹ́rin ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tó ṣe orin náà. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tó gba ìlú kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àmọ́ tiwọn yàtọ̀. Orin wọn máa ń gùn bí ìrìnàjò, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Adéyẹ́misí ló ń ta jìtá fún wọn. Nígbà tó yá, òun àti akọrin wọn jà. Akọrin gbé orúkọ ẹgbẹ́ lọ sí Èkó, ó ń fi ṣeré níbi ìnáwó àwọn olówó. Adéyẹ́misí wọlé rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti kú.

Gbogbo èyí ni Lásúnkànmí rò fún Sọ̀fíyátù nígbà tó padà wá gbé àga. Àga ti dáa, kò sì sí ìdí fún un láti tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó wá. Ó ní òun fẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpótí. Kò ra àpótí kankan. Ó jókòó sórí pákó, ó gbọ́ orin náà dé ìdajì, ó ní, "Ó ti ń dáa díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ò tíì débi tó dáa."

"Ẹ yéé pè mí ní ẹ. Ṣé mo jọ ìyá yín ni?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní ìwọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ ṣá. Alhájì Sùlèímọ́nù ni bàbá Sọ̀fíyátù, ẹni tó ní ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìbàfò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni Lásúnkànmí ti ń ra pákó. Ìyá Sọ̀fíyátù ti kú láti kékeré rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Alhájì lóbìnrin, Ìyá Ròkíátù, ló tọ́ ọ dàgbà nínú ilé kan náà. Alhájì sì ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ ní Owódé pé Mùsáfírù, ọmọ ọ̀rẹ́ náà, ni yóò fẹ́ Sọ̀fíyátù. Mùsáfírù ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, á mú èso wá, á sì máa bá Alhájì sọ̀rọ̀ epo dísẹ́ẹ̀lì àti ọ̀nà tó bàjẹ́. Láàárín gbogbo ìgbà tó fi ń wá, kò bi Sọ̀fíyátù ní ohunkóhun rí àyàfi bóyá omi tútù wà.

Lọ́jọ́ kan, Sọ̀fíyátù sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Mùsáfírù, mi ò ní fẹ́ yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Mùsáfírù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọdé ló ń ṣe ẹ́. Ó máa lọ."

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí."

"Mo ní ó máa lọ," ni ọkùnrin náà tún wí pẹ̀lú sùúrù, ó sì tan ọkọ̀.

Sùúrù yẹn ló bí Sọ̀fíyátù nínú jù. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù ú.

Ọdún yí padà. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri Mòwé: Adéyẹ́misí tó ń ta jìtá fún Ẹ̀fúùfù Mẹ́rin tẹ́lẹ̀ máa ṣeré ní Ìfọ̀, ní ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán. Lásúnkànmí dúró níwájú ìwé náà títí awakọ̀ kan fi ké mọ́ ọn pé kó kúrò lójú ọ̀nà. Ó ya ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Sọ̀fíyátù. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú mọ́ àyà.

"Ta ló kú?" ni Sọ̀fíyátù béèrè.

"Kò kú," ni Lásúnkànmí wí. "Kò kú rárá. Ìfọ̀ ló ń bọ̀."

Sọ̀fíyátù lè purọ́. Ó lè ní òun fẹ́ lọ ra òwú. Ó rò ó láti Mòwé dé Ìbàfò, ó sì rí i pé tí òun bá purọ́ lórí èyí, gbogbo ayé òun ni òun máa fi purọ́ lórí ọkùnrin yẹn. Bí Alhájì ṣe kírun tán tó ń fọ ẹnu, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ sí Ìfọ̀ ní Sátidé. Adéyẹ́misí fẹ́ ta jìtá níbẹ̀. Lásúnkànmí káfíńtà la jọ ń lọ."

Alhájì tu omi ẹnu rẹ̀ dànù. "Kín lo wí?"

Ó tún un wí. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

"Lásúnkànmí tó ń ra pákó lọ́wọ́ mi? Ará òkè yẹn, tó ń gbé yàrá kan, tí a ò mọ bàbá ẹ̀?"

"Ẹ ò tíì béèrè bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, sà."

"Orin àwọn amugbó lo fẹ́ lọ gbọ́! Ọmọ mi! Mo ti fẹnu sí i fún bàbá Mùsáfírù, o fẹ́ kí n lọ gbé ojú mi síbo?"

"Bàbá, ẹnu yín lẹ fi sí i. Ẹ ò bi mí."

Ìyá Ròkíátù tó ń gé ilá lẹ́bàá àdògán dá ọ̀bẹ dúró. Kò sẹ́ni tó ń dá Alhájì lóhùn báyìí nínú ilé yẹn.

"Tí o bá jáde lọ sí Ìfọ̀, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Màá máa kí yín láàárọ̀ àti lálẹ́, sà," ni Sọ̀fíyátù wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má dá mi lóhùn."

Ó lọ.

Gbọ̀ngàn náà kò jìnnà sí ojú irin. Ooru mú, àga kò tó, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba, mẹkáníìkì tó fọwọ́ dúdú mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí Adéyẹ́misí jáde, ṣe ni gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n ti rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin onírun gígùn tó wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì ló máa jáde. Bàbá tó ti hu irùngbọ̀n funfun ló yọ sí wọn, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó gbé jìtá pupa kọ́ èjìká. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó fẹ́ bá a ṣeré lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Kó tó fọwọ́ kan jìtá, ẹni tó ni gbọ̀ngàn gun orí ìtàgé, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Adéyẹ́misí fetí sílẹ̀, ó mi orí, ó sì sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Àwọn kan ránṣẹ́ láti Èkó," ló wí. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ta orin Ẹ̀fúùfù Mẹ́rin níbí, pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Òótọ́ ni, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìka yìí ni mo fi ṣe orin wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba orin lọ́wọ́ mi, kó wá gba ìka."

Gbọ̀ngàn hó. Ó ta orin àkọ́kọ́, ó ta èkejì. Ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ ta èyí tá a máa jó sí!" Adéyẹ́misí ní, "Ẹ dákun, ẹ jókòó. Ẹ ti jó káàkiri." Ó sì bẹ̀rẹ̀ orin gígùn yẹn, èyí tó gba ojú kásẹ́ẹ̀tì kan.

Lásúnkànmí di ọwọ́ Sọ̀fíyátù mú. Kò mọ̀ pé òun dì í mú. Orin náà rìn, ó rìn, ó dé ibi tí jìtá ti ń dá nìkan pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ibẹ̀ ni NEPA ti mú iná lọ.

Fáànù dúró. Ohùn jìtá kú pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà wo ara wọn. Adéyẹ́misí nìkan ni kò dúró. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé, gbogbo ènìyàn sì ń rí ìka rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí okùn tí kò dún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti lọ.

Lásúnkànmí la ẹnu rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú orin yẹn níbẹ̀, ohùn jìtá ló fi ẹnu gbé, ó gbé e gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Mẹkáníìkì tó wà níwájú gbà á. Tíṣà kan gbà á. Ó yà Sọ̀fíyátù lẹ́nu pé òun náà mọ̀ ọ́n, òun tó máa ń béèrè ìgbà tó máa parí. Ó mọ ibi tó ti ń gòkè, ó mọ ibi tó ti ń yí. Ó dìde dúró. Nígbà tó fi máa dé ibi tí ìlù ti ń wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn ti di jìtá kan ṣoṣo, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀, Adéyẹ́misí sì ń ta á lọ lórí ìtàgé láìsí ohùn, omi ojú ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ó ta á dé òpin.

Lẹ́yìn náà, ó gbé jìtá sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Ẹ dìde, sà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" ni wọ́n ń ké. Kò dìde títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Níta, lábẹ́ igi kan lẹ́bàá ojú irin, Lásúnkànmí ní, "Sọ̀fíyátù, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ẹ. Bàbá mi ló kù tí o máa lọ sọ fún."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ máa lọ tààrà láti ibẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Alhájì pa àṣẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ta pákó fún Lásúnkànmí mọ́. Àwọn tó kù tó ń la gẹdú lágbègbè náà kò fẹ́ bínú Alhájì, àwọn náà kò tà fún un. Ọ̀fàdà ló ń lọ wá igi kiri. Láàárín ilé, Sọ̀fíyátù ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, Alhájì sì ń wo ògiri. Oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lásúnkànmí kò yọjú sí Ìbàfò.

Sọ̀fíyátù lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a tó jókòó láìṣe nǹkan kan, rédíò dákẹ́.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Lásúnkànmí kò wo ojú rẹ̀. "Mo ń rò ó ni. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Kí ni mo ní? Mi ò ní ẹnì kankan níhìn-ín. Mùsáfírù máa tọ́jú ẹ. Mi ò fẹ́ kó o torí mi ṣẹ̀ bàbá rẹ."

"O ń torí mi rò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Irọ́ lò ń pa. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́."

Lásúnkànmí mú òòlù nílẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa, Lásúnkànmí. Ìṣojú rẹ ni ọkùnrin yẹn ti dúró níwájú ènìyàn ní Ìfọ̀, wọ́n ní kó má ta á, ó ta á. Iná lọ, ó ta á. Ìwọ lo kọ́kọ́ la ẹnu nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé mo ti fẹ́ ẹ. Mo wá ń dá nìkan kúnlẹ̀ nílé lójoojúmọ́, ìwọ jókòó síbí, ò ń bá mi wá ọkọ?" Omi ti lé sí i lójú, inú sì ń bí i pé ó lé. "Tí o kò bá wá, mi ò ní fẹ́ Mùsáfírù náà. Màá wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní bá ẹ sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Lásúnkànmí wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìyẹ̀fun igi níbi iṣẹ́ Alhájì, níwájú gbogbo àwọn tó ń la gẹdú.

"Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni mo fẹ́."

Alhájì fò ó dá, ó lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Lásúnkànmí wà nílẹ̀. Wọ́n gbé igi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò dìde. Oòrùn yí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, Alhájì ní láìwò ó, "Dìde kó o lọ kírun. O ti dí mi lọ́nà tó." Ohun tó sọ nìyẹn. Lásúnkànmí kírun tán, ó tún padà wá dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ròkíátù gbọ́. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó wé gèlè, ó wọkọ̀ lọ sí Lotto, ó ní òun fẹ́ ṣe àpótí ìjókòó, òun sì máa dúró gbà á. Ó jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Ó ń wo bí Lásúnkànmí ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Ó ń wò ó bóyá yóò rántí kírun. Ó gbọ́ orin gígùn yẹn, ó sì sùn lọ sí i. Nígbà tó jí, ó ní:

"Ọmọ mi, tí ìyàwó rẹ bá bí obìnrin mẹ́ta lérí ara wọn ńkọ́?"

"Màá kọ́ wọn níṣẹ́ káfíńtà, mà. Apá mi nìkan kò ká iṣẹ́ náà."

Ìyá Ròkíátù rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Bó ṣe délé, ó pe àbúrò rẹ̀ sí yàrá.

"Sùlèímọ́nù, mo ti lọ wò ó. Ènìyàn ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fẹnu sí i níbòmíì."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà lo máa fẹnu yẹn sọ ọ́ kúrò. Èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kò ní yí padà."

"Èmi náà kò ní yí padà."

"Tóò," ni Ìyá Ròkíátù wí. "Ẹ jọ máa wò ó nílé yìí títí ẹ ó fi kú."

Mùsáfírù ló kọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti fẹ́ ọmọ ọlọ́kọ̀ kan ní Owódé, inú rẹ̀ sì dùn. Síbẹ̀ Alhájì kò gbà. Àwọn ẹbí Lásúnkànmí wá láti Ìwó láti tọrọ ọmọ, ó fún wọn lómi, ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀. Sọ̀fíyátù mú ọjọ́ fún yìgì fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní irú ọmọ wo rèé. Ó ní kí wọ́n wá jẹun lọ́jọ́ náà bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n.

Lèmọ́mù Mùtàlíbù ló lọ bá Alhájì ní ọ̀sẹ̀ tí yìgì kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Alhájì, ṣé ọkùnrin náà kì í kírun ni?"

"Ó ń kí i."

"Ṣé ó ń mutí? Ó ń jalè?"

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀?"

Alhájì yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò bi mí."

"Wọ́n ti ń bi yín fún ọdún kan gbáko," ni Lèmọ́mù wí. "Bí ẹ kò bá ní ìdí nínú ẹ̀sìn, mi ò lè dá yìgì dúró. Àbúrò yín ọkùnrin ni yóò fi ọmọ náà fún ọkọ. Mo wá sọ ọ́ fún yín kó má bàa yà yín lẹ́nu."

Ọdún 1989, lọ́jọ́ Sátidé, mọ́sálásí Ìbàfò kún. Sọ̀fíyátù wà láàárín àwọn obìnrin, ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé bàbá òun kò ní wá. Ó ti sunkún èyí tó fẹ́ sun lánàá. Àbúrò Alhájì ti sún mọ́ iwájú, ó ti gbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́yìn láti sọ̀rọ̀, nígbà tí ìró bàtà gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Alhájì Sùlèímọ́nù ni. Ẹ̀wù iṣẹ́ ló wọ̀, ìyẹ̀fun igi wà ní èjìká rẹ̀. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ sún. Ó jókòó síwájú Lásúnkànmí, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

"Mo fi ọmọ mi Sọ̀fíyátù fún ọ," ló wí. Ohùn rẹ̀ le, gbogbo mọ́sálásí gbọ́ ọ. "Èmi ni bàbá rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó máa fi ọmọ mi fún ọkọ nígbà tí mo wà láàyè."

Lásúnkànmí ní òun gbà á. Lèmọ́mù ṣàdúà. Kí wọ́n tó ṣe àmín tán, Alhájì ti dìde, ó ti jáde.

Sọ̀fíyátù kó aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ sókè, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó bá a lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tó ti ń dúró de kí ọkọ̀ kọjá. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ìyàwó.

"Ẹ ṣé, sà."

Alhájì fi ojú wá ògiri tó ti ń wò láti ọdún tó kọjá. Kò rí ògiri níbẹ̀. Alhájì yíjú sí i.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò fọwọ́ sí i."

Ohùn bàbá rẹ̀ rèé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, òun ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Sọ̀fíyátù kò sọ orí kodò.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣé náà ni."

"Orí ẹ le jù."

"Ilé yín ni mo ti mú un, Bàbá."

Ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, ọ̀nà ṣófo. Alhájì kò sọdá. Ó gbọ́n ìyẹ̀fun igi kúrò léjìká rẹ̀ kan, ó gbọ́n ti èkejì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aṣọ tó wọ̀.

"Kín lẹ sè?" ló béèrè.